Raliat Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará ilé wa l'Ọ̀yọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀. Jayéọlá àbúrò mi, ìwọ gan-an ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà. Òní ni màá pọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì. Oje igi kajú ni mo fi ń ṣe awọ tín-ín-rín kan, bí awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni mo ṣe ń ṣe é. Inú rẹ̀ la ń di oògùn sí, kó lè máa jò sára díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí mo fi pamọ́: bó bá kan ohun gbígbóná, awọ náà á bẹ́, gbogbo oògùn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fojú ara mi rí i. Mo ní màá tún un ṣe kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Ìgbéraga burúkú!

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà Màmá Àníkẹ́, ìyá rẹ, wá le, mo yọ́ díẹ̀ mú wá fún wọn nínú èyí tí a di oògùn ìtọ̀ ṣúgà sí. A ò tíì fún èèyàn kankan lò rí. Màmá ní, "Ọmọ wa ló ṣe é, kí ni mo tún ń wá?" Mo rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ èmi.

Raliat ìyàwó rẹ ló ń tọ́jú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pè mí lórí fóònù. Àwọn àlejò tó fẹ́ fowó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wà níwájú mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́nnu fún wọn tán pé ooru ò lè ṣe awọ náà ní nǹkan kan. Raliat ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, Màmá ò lè gbé e mì. Ṣé kí n pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn?" Ilé wo ni wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn àlejò ń wò mí. Mo ní, "Kò séwu, pò ó."

Kó tó di ọ̀sán, ṣúgà ara Màmá ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n làágùn, wọ́n gbọ̀n, wọn ò jí mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ yí Raliat ká, ẹ ní ó fún Màmá ní àpọ̀jù oògùn. Ó yíjú sí mi, ó ń sunkún: "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí mo pè yín?" Gbogbo yín wò mí. Mo ní, "N ò rántí pé o pè mí." Ẹ̀rù ló mú mi pa irọ́ àkọ́kọ́ yẹn níwájú àlejò; èyí, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Jayéọlá, o kó ẹrù rẹ̀ síta, o sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Raliat ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń ta ọṣẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Èmi! Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rò ó títí. Bóyá lóòótọ́ ni n ò pè yín. Bóyá èmi ni mo bù ú jù."

Háà! Irọ́ mi ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ tètè máa sọ àléébù iṣẹ́ yín, ojú tó bá tì yín ò tó nǹkan. Jayéọlá, ó pè mí. Ó béèrè. Èmi ni mo pa ìyá rẹ, mo sì ti ṣe tán láti sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti bi mí. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn, ẹ lọ fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.