Ẹ́ńjìnnì Tó Tóbi Ju Ọkọ̀ Lọ

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ láti Ọjà-Ọba lọ sí Tanke ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi fídáù ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, apẹja ní Jẹ́bà.

"Má pa ara rẹ. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Àǹtí, èmi ni mo ra ẹ́ńjìnnì yẹn fún Bọ̀dá. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó irú ọkọ̀ ìpẹja wọn. Mo ní ogójì ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló máa lo kékeré."

"Inú rere lo fi ṣe é."

"Bọ̀dá jókòó sí ìdí ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, wọ́n sì fún un níná lẹ́ẹ̀kan náà. Imú ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, ó dà wọ́n sómi. Okùn tó yẹ kí wọ́n so mọ́ ọwọ́, èyí tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí èèyàn bá ṣubú, inú páálí ẹ́ńjìnnì ló ṣì wà. Mi ò sọ fún wọn nípa rẹ̀."

"Wọn ò sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n?"



"Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, 'Àbúrò, o ṣeun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ò bèèrè tó báyìí.' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó máa mọ́ wọn lára."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kó má baà dùn ọ́ ni wọn ò ṣe dá ẹ́ńjìnnì náà padà."