Erin Tí Mo Fi Èéfín Sọ Di Arúgbó

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo fa igi kékeré kan yọ nínú àpò mi, mo gbé e lé bàbá àgbàlagbà kan lọ́wọ́, mo sì purọ́ fún wọn. Mo mọ àkókò náà nítorí pé mo wo aago kí n tó kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé irọ́ náà fẹ́ di ìwé, wọ́n sì ní kí n wá jẹ́rìí sí i.

Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ń gbé. Mo parí yunifásítì, mo sin ìlú, mo padà sílé, n kò ríṣẹ́. Àwọn tí a jọ kàwé ti wà ní Ìbàdàn àti Èkó. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti kí àwọn òbí mi láàárọ̀, n kò ní la ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni Tíṣà. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ wa. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn sì wà lókè òkun. Àwọn ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì, ayò orí pátákó tí ọba, ẹṣin àti àwọn ọmọ ogun ń jà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń ta á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ta á ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀: bó ṣe kúrò ní Íńdíà dé Páṣíà, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ pé erin ni ọmọ ayò tí à ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù lónìí.

"Àwọn Lárúbáwá kì í gbẹ́ ojú tàbí ẹsẹ̀ sí i," ni wọ́n máa ń wí. "Kùkùté lásán ni, pẹ̀lú ìwo kékeré méjì lórí, tó dúró fún eyín erin. Òyìnbó rí i, ó ní fìlà bíṣọ́ọ̀bù ni! Èmi alàgbà ni mo wí bẹ́ẹ̀ o, má lọ sọ fún Pásítọ̀."

Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ìgbàgbọ́ kan tí n kò rí nínú ìwé kankan. Wọ́n ní kí òyìnbó tó dé, àwọn oníṣòwò tó ń wá ra obì láti òkè Ọya ti gbé ṣẹ́ẹ̀sì dé ilẹ̀ Ìgbómìnà. Wọ́n ń kọ ìwé lórí rẹ̀. Èmi a máa bi wọ́n pé ẹ̀rí dà. Wọ́n tilẹ̀ sọ mí ní Ẹ̀rí-dà.

Ní ọjọ́ kan, mo sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Pé nǹkan ṣeé ṣe kò sọ pé ó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n kó gbogbo ọmọ ayò sínú àpótí, bẹ́ẹ̀ a kò tíì ta á tán. "Ẹ̀rí-dà, máa lọ sílé. Bí o bá rí ẹ̀rí, kí o padà wá."

N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Mo gbà pé kì í ṣe àwàdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò wá àwáwí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ju ènìyàn kan lọ ni yóò mọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe gùn tó.

Mo lọ sí oko obì wa, ní abúlé tí ìyá bàbá mi ń gbé. Mo gé ẹ̀ka igi obì kan, mo gbẹ́ kùkùté kékeré, mo fi ìwo méjì sí i lórí. Ohun tí Tíṣà ṣàpèjúwe fún mi gan-an ni mo gbẹ́. Mo fi epo pa á, mo so ó mọ́ àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín yóò ti máa lù ú.

Ìyá àgbà gbójú sókè. "Kí lò ń yan níbẹ̀ yẹn?"

"Igi ni, ìyá àgbà."

"Igi kẹ̀! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń yan ẹja, ìwọ ń yan igi. Yunifásítì yìí mà ṣiṣẹ́ o!"

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ó dúdú, ó ń dán bí ohun tó ti pẹ́. Òun ni mo gbé lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo sọ fún Tíṣà pé inú àpò awọ bàbá bàbá mi ni mo ti rí i, pé oníbàárà obì kan láti òkè Ọya ló fún baba ńlá wọn kí òyìnbó tó dé. Bí mo ṣe mọ̀, bàbá bàbá mi kò ní àpò awọ kankan.

Tíṣà ń fi àtàǹpàkò pa ìwo méjèèjì. Mo ti ro ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ de ìbéèrè wọn. Wọn kò bi mí ní ọ̀kan. Wọ́n kàn ní, "Wọlé wá jókòó, ọmọ mi." Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

A tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ayò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín: ọwọ́ mi kò tẹ ohun tí mo torí rẹ̀ purọ́. Mo ń jókòó kojú wọn, n kò sì lẹ́nu láti bi wọ́n pé ẹ̀rí dà mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo ń mi orí. Mo dá wà lọ́dọ̀ wọn ju bí mo ṣe dá wà nílé lọ.

Lóṣù kejì ọdún yìí, a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwé kan ní Ìgbájọ, láti lọ sọ ìtàn ṣẹ́ẹ̀sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà fi áńkáṣíìfù wé erin náà, wọ́n gbé e lé itan títí a fi débẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà á sínú ìwé wọn. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni kòkòrò ò ṣe jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí?"

Tíṣà wò mí pé kí n dáhùn. Mo juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dáhùn fúnra wọn.

"Èéfín ni," ni Tíṣà wí, inú wọn ń dùn. "Ẹnì kan ló fi ọgbọ́n gbé e síbi èéfín, tó tọ́jú rẹ̀ dè wá."

Ìwé wọn ti parí báyìí. Àwòrán igi mi ló wà lára èèpo rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe rí i, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ẹ̀rí-dà kì í gba nǹkan gbọ́ lásán. Tíṣà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ láyé wọn nìyí.

Bí mo bá sọ òtítọ́, n ó ba ìwé náà jẹ́, bóyá n ó sì pàdánù wọn. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹnì kan tó mọ̀ nípa igi lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, kó sì pe Tíṣà ní òpùrọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé wọ́n ti mọ̀, pé wọ́n kàn ń ṣàánú mi ni. N kò lè fìdí ìyẹn múlẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé irọ́ kékeré ni. Mo ti gbé e yẹ̀ wò dáadáa, kò kéré. Bí ẹ bá sì rò pé kí n lọ bá wọn, ẹ bá mi wá gbólóhùn tí n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Mo pe ilé ìtẹ̀wé láàárọ̀ òní. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ìyókù ìwé náà ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú mi nìkan ni àwọn ń dúró dè.