Ògì Tí Wọ́n Fi Ń Rọ Ọlọ́fọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo mọ̀ pé ìwàásù ló kàn, mo sì mọ̀ pé Alàgbà ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, ni yóò wàásù. Kí wọ́n tó dìde, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́sàn-án àná, wọ́n ń fi ìwàásù òní dánra wò ní pálọ̀. Wọ́n ka ibi tí Ússà ti na ọwọ́ mú àpótí Olúwa kí ó má baà ṣubú, tí Ọlọ́run sì pa á síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọlọ́run kì í ṣèèṣì pànìyàn. Délé ní ẹ̀ṣẹ̀ tó fi pa mọ́."

Délé kan náà, ọmọ Ìyá Délé tó jókòó lẹ́yìn un nì, tí igi òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí pa nígbà tó na ọwọ́ gbé e ró kó má baà wó! Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́ títí, wọ́n ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run bá mi bá wọn sọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun fà mí lọ́wọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa, bí ìkòkò ògì tí wọ́n gbàgbé láìṣí ní gbogbo àsìkò òjò. A kọjá lára àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn ń wọ́ nílẹ̀, tí eṣinṣin bò ó. Olùtọ́nà mi kò dúró níbẹ̀.

Ibi tó dúró sí ni mi ò lè gbàgbé. Àwọn àgbà ìjọ ni mo rí, oníwàásù, alàgbà, ìyá ìjọ, tòun ti ewú lórí, tí àwọn kan tí mi ò rí ojú wọn dà wọ́n dùbúlẹ̀ sórí itan bí ọmọ ọwọ́, ọwọ́ kan fún wọn nímú, ọwọ́ kejì ká mọ́ wọn lẹ́nu, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rọ ọmọ, wọ́n ń da ògì sí i, ògì tó ti hu, tí ìdin ń rìn lójú rẹ̀, wọn ò lè mí àfi kí wọ́n gbé e mì, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á bì í, wọ́n á tún fi èébì náà rọ wọ́n, ó ń gba imú wọn jáde, ó ń ṣàn sí wọn létí, mo ní ẹ gbà mí o, mo bì sára aṣọ olùtọ́nà mi!

Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n dé ibi tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọn ò bẹ̀rù, wọn ò dákẹ́. Wọ́n po ìtumọ̀ fúnra wọn, wọ́n fi rọ ọlọ́fọ̀."

Itan kan wà tó ṣófo. Abọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún, ó ń hó. Nígbà tí mo tẹ etí sí i, ohùn ọkọ mi ni mo gbọ́ níbẹ̀: "Délé ní ẹ̀ṣẹ̀ tó fi pa mọ́." Mo figbe ta.

Olùtọ́nà mi yára fà mí lọ síbi tí atẹ́gùn ti tutù. Délé jókòó sábẹ́ igi, ara rẹ̀ pé, ó ń rẹ́rìn-ín. Níwájú ìmọ́lẹ̀ kan tí mi ò lè wò, àwọn áńgẹ́lì fi ìyẹ́ bo ojú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Ọlọ́run fi jẹ́ kó kú? Ússà ńkọ́?"

Olùtọ́nà mi dojú bolẹ̀. Ó ní, "Wọn ò sọ fún mi. Láti ìgbà tí a ti dá mi, mi ò bèèrè. Ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n, ìyẹn tó mi."

Mo jí. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Tóyìn, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán ló dàlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mi orí sí irú ọ̀rọ̀ yìí nílé ọlọ́fọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, itan pọ̀ lọ́hùn-ún.

Bàbá Tóyìn, olówó orí mi, mo kúnlẹ̀. Òórùn abọ́ yẹn ṣì wà nímú mi, láti àná mi ò lè jẹun. Bí ẹ bá ka ibi Ússà, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Bí ìyẹn bá nira, ẹ pa Bíbélì dé, kí ẹ lọ jókòó ti Ìyá Délé. Ẹ má sọ nǹkan kan o, ẹ ṣáà bá a sunkún. Abọ́ ti kún, ṣùgbọ́n itan náà ṣì ṣófo.