Ẹ̀bẹ̀ Ìyá Onígò

Ẹ gbé ohun mímu yín kalẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń kí mi pé mo fẹ̀yìn tì láìní àbàwọ́n, ìyìn náà sì ti fẹ́ fún mi lọ́rùn pa. Àbàwọ́n wà. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mo mọ ara mi, inú sàréè ni n ó gbé e dé. Ẹ má wo ewú orí mi, àgbàyà ló hu ú. Nítorí ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tí mo ń kọ́ níṣẹ́, ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí rántí Ìyá Onígò. Àwọn ló ń fọ ìgò tí a fi ń gbé epo rọ̀bì wá fún àyẹ̀wò. Aláwàdà ni wọ́n. Bí ẹnìkan bá gbé ìgò tó dọ̀tí jù wá, wọ́n á ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Èmi, Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Nígbà tí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń yẹ epo wò yìí dé, èmi ni wọ́n ní kí n dán an wò, kí n sọ bóyá ó yẹ ní rírà. Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí nínú epo, á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á sì sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bó bá yege, èmi ni n ó di olórí rẹ̀. Epo méjì ni mo lò. Èkíní nípọn, imí ọjọ́ kún inú rẹ̀. Èkejì fúyẹ́, ó mọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ ni pé bí epo kan bá ti gba inú páìpù ẹ̀rọ kọjá, kéèyàn fi kẹ́míkà fọ páìpù náà, kó wá rán kẹ́míkà lásán, tí kò sí epo nínú rẹ̀, gba ibẹ̀, títí ẹ̀rọ ò fi ní rí nǹkan kan mọ́. Ó máa ń pẹ́, àwọn ọ̀gá sì ti wà lọ́nà. Mo fọ̀ ọ́ ní ìfọ̀ ojú ayé, mo rán epo kejì wọlé.

Níwájú àwọn ọ̀gá, ẹ̀rọ ní imí ọjọ́ wà nínú epo kejì. Ọ̀gá àgbà ní bí ẹ̀rọ bá ń purọ́, ká dá a padà. Ó ní kí n wádìí. Bí wọ́n ṣe lọ jẹun, mo tilẹ̀kùn, mo ṣí agolo kẹ́míkà tuntun, mo rán an wọlé lásán. Inú agolo ló ti wá tààrà, kò sí ìgò tí Ìyá Onígò fọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Imí ọjọ́ tún yọ sójú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ́kù epo àkọ́kọ́ ló jókòó sínú páìpù. Ẹ̀rọ ò purọ́, èmi ni mi ò fọ̀ ọ́. Mo pa àyẹ̀wò yẹn rẹ́, mo ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo ní ẹ̀rọ náà dára gan-an, ó dára débi pé ó rí ìdọ̀tí tó kù sínú ìgò. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú. Ta ló tún ń fọ ìgò níbí? Ọ̀gá àgbà pe Ìyá Onígò, ó fi àwòrán inú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó ṣe àwọn. Wọn ò jiyàn. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀rọ yege, mo di olórí.

Ẹ má tíì ṣe háà, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Onígò wá bá mi nílé. Mo rò pé wọ́n wá bú mi ni, mo sì ti to irọ́ mìíràn sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá Kékeré, ẹ dákun, ẹ má bínú. Díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́. Mo ní, "Ẹ dìde, Ìyá. Mo ti dárí jì yín."

Èmi ni mo dárí jì wọ́n! Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tún dúpẹ́, wọ́n lọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n kú, mi ò lè débi ìsìnkú.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá ṣe gbé e lọ. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ yìí nídìí omi, ó ń fọ ìgò kan ṣoṣo ní àfọ̀túnfọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo ní ìgò náà ti mọ́ tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá òun fọ ìgò níbí rí, àwọn ló sì kìlọ̀ fún òun kí wọ́n tó kú pé ọwọ́ ìdílé àwọn kì í fọ nǹkan kó mọ́, kí òun máa tún un fọ̀. Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ má fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò ṣe di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí.

Ọmọ mi, ìgò ìyá rẹ mọ́. Ó mọ́ lọ́jọ́ náà, ó mọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi wà níbí. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ní kí o dárí jì mí. Ẹni tó yẹ kó dárí jì mí ni mo dárí jì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Lọ́la, bí o bá ti fọ ìgò rẹ lẹ́ẹ̀kan, gbé e kalẹ̀. Ó ti mọ́.