Màmá, Ṣé Ẹ Gbà Á?

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí gbogbo yín jókòó. Ọmọ mi, dúró ti ìyàwó rẹ, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ní àárọ̀ ọ̀la dókítà yóò la àyà mi, kò sì fi bò fún mi pé mo lè má jí mọ́. Ohun tí mo gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ti há mi lọ́fun, bí n kò bá bì í jáde lónìí, yóò bá mi wọ ilẹ̀. Ẹ má tíì pè mí ní bàbá rere. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó fúnra yín wá orúkọ tó yẹ mí.

Gbogbo yín mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ń wa bàálù, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n fi mí sí, tẹlifóònù níwájú mi, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ wa bá fagi lé ìrìn àjò lójijì, tí èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà tán, òfin ní kí a san owó gbà-máà-bínú fún wọn, kí a sì kọ ọ́ pé àwa la jẹ̀bi. Àfi bí èrò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló yọ̀ǹda ìjókòó òun. Iṣẹ́ mi ni láti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn.

Obìnrin kan tó jókòó sí tábìlì kejì, tí a ń pè ní Arẹwà, ló kọ́ mi ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà. Ó ní kí n má ṣe bèèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Ó ní, “‘Gbà’ ni kó o lò. Òun la fi ń gba ẹ̀bùn, òun náà la fi ń gba ẹ̀bi. Sáré sọ ti ìjókòó, kó o fa ti omi àti búrẹ́dì gùn, kó o wá dákẹ́.” Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ mi lọ. Bí èrò bá pè mí tìbínú-tìbínú, màá kí i, màá bá a kẹ́dùn, màá bèèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà màá sáré kùn sínú tẹlifóònù pé ó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ìjókòó rẹ̀, kí n tó wá gbé ohùn sókè pé omi àti búrẹ́dì tí àwọn òṣìṣẹ́ wa pín fún yín ńkọ́, ṣé ẹ gbà á? Ta ni yóò mu omi ènìyàn tán tí yóò ní òun kò gbà á? Àwọn olóòótọ́ ló ń kó sí i jù. Òpùrọ́ a máa ní òun kò gba nǹkan kan, òun la sì ń sanwó fún. Ẹ rí ayé bí? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá wa a máa fi ohùn wọn dá gbogbo ọ́fíìsì lára yá. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín jù, nítorí èmi ni wọ́n ń yìn.

Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ òfuurufú wa kan kò yọjú síbi iṣẹ́, a sì fagi lé ìrìn àjò mọ́ èrò lọ́wọ́. Kò sí bàálù mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Ìyá aránṣọ kan wà láàárín wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ló bímọ sí ìlú òkèèrè tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ọmọ ń pe ìyá rẹ̀, ìyá sì ń lọ. Nígbà tó fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bo òkú lójú. Àwọn ẹbí ọkọ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló jókòó tì. Wọ́n ní kò ní fọwọ́ kan ọmọ jòjòló náà àfi bó bá fi hàn pé bàálù ni kò gbé òun.

Ó pè mí. Kò pariwo rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, n ò fẹ́ owó yín. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ò gbé mi, kí wọ́n lè jẹ́ kí n gbé ọmọ ọmọ mi.”

Bí mo bá jẹ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ fún òun, gbogbo èrò bàálù náà la máa sanwó fún, Ọ̀gá sì ti ṣèlérí pé èmi lòun máa fi ṣe olórí yàrá náà. Mo bá ìyá kẹ́dùn. Mo ní kó nu ojú rẹ̀. Mo sáré sọ ti ìjókòó, mo fa ti omi àti búrẹ́dì gùn, mo ní, “Màmá, ṣé ẹ gbà á?”

“Mo gbà á, ọmọ mi. Omi náà nìkan ni mo mu. Ẹ ṣeun.”

Mo gé omi àti búrẹ́dì kúrò nínú ohùn tí ẹ̀rọ gbà. Mo gé ẹ ṣeun kúrò. Oorun tí mo sùn lóru ọjọ́ náà dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkọ olóògbé fúnra rẹ̀ pè mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gba ìyá ìyàwó òun gbọ́, kí n jọ̀wọ́ sọ òótọ́ fún òun. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ní ti èyí. Ǹ bá ti ní n kò mọ̀. Mo ní kó tẹ́tí, mo sì tẹ ẹ̀rọ náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ohùn wọn ni.” Láti ọjọ́ náà, ìyá aránṣọ kò tẹ ìloro wọn mọ́.

Ìyàwó ọmọ mi, mo rí bí o ṣe ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ni ọmọ jòjòló náà.

Ọjọ́ tí ọkọ rẹ kọ́kọ́ mú ọ wá hàn wá, mo bi ọ́ nípa àwọn ẹbí ìyá rẹ. O ní ìyá ìyá rẹ fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ìjókòó rẹ̀, ó fi ìyá rẹ sílẹ̀ kó kú. Gbólóhùn mi lo sọ, kò yingin. Mo fọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, mo bá ọ ṣépè fún obìnrin náà. Bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó yín, ìyá aránṣọ náà wá sílé wa. Ó ti gbọ́ pé ọmọ ọmọ òun ń lọ sílé ọkọ, ó sì rán aṣọ aláwọ̀ ewé kan fún ọ. Kò rí ọ wọ̀n, ó ní ara ìyá rẹ lòun fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo kí i, ó dẹ etí, ó ní ó jọ pé òun mọ ohùn mi níbì kan. Mo sọ fún un pé o ti búra pé bí o bá fojú kàn án, o kò ní ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. O kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní ba ọjọ́ rẹ jẹ́, kí n ṣáà bá òun fún ọ láṣọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí mo fi ń nu mọ́tò, tí o bi mí pé níbo ni mo ti rí aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀, òun ni.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Aládùúgbò rẹ̀ pè mí pé kí n sọ fún ọ kí o lè wá sin ín. Mo ní màá sọ. A jọ jẹun lọ́jọ́ náà, mo sì ń bá ọ ṣe àwàdà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìrònúpìwàdà ló dé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí dókítà bá ní màá yè ni, ẹ kì bá tí gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, bí o bá lè dárí jì mí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, dárí jì mí.

O ń bi mí pé nígbà tó wá, ṣé ó rí ọ. Rárá. Inú yàrá lo wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohùn rẹ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ohùn ìyá ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ.”

Mo ti ilẹ̀kùn.