Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Dáàmù

Nínú takisí tí mo wọ̀ láti Ìkọ̀lé lọ sí Òmù nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àti bàbá kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù.

“Ẹ kú uṣẹ́, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣílẹ̀kùn omi fún àwa ìsàlẹ̀ odò?”

“Èmi ni. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni mò ń ṣí i, láràárọ̀. Àwọn ará ìlú ní mò ń fi omi ẹ̀rọ wọn ṣòfò.”

“Ṣé ẹ̀rọ wọn ti gbẹ ni?”

“Kò gbẹ. Ó kàn ń fo ọjọ́ kan kó tó tún yọ ni.”

“Ní èṣí tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn omi pa, àkùrọ̀ mi gbẹ pátá, òkú ẹja àrọ̀ la sì ń ṣà lórí iyanrìn. Tẹ̀tẹ̀ ọdún yìí ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

“Mo ní òùngbẹ a máa gbẹ odò pẹ̀lú.”

Ìyá náà tún gbólóhùn yẹn sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó di ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá kan, ó gbé e lé bàbá lẹ́sẹ̀.

“Ẹ gbé e lọ ulé fún ìyàwó yín.”

“Wọ́n á ní mo ti gba rìbá.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ ṣáà má tì í.”