Pèrègún Mẹ́ta tí Mo Ṣí Nípò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín o. Ìyá àgbà ni mí, Ìlobù ni mo ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ìwé díẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́fà. N kò sọ ọ́ fún ọmọ, n kò sọ ọ́ fún ìmáàmù. Mo ń sọ ọ́ wàyí nítorí pé ọmọ kan ti ń bínú sí bàbá rẹ̀ tó ti kú, lórí ohun tí èmi fi ọwọ́ mi ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé náà. Yàrá méjì ni ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Gàrí ni mo ń yan. Nínú gàrí yẹn ni mo ti fa yàrá méjì mìíràn yọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Èmi ni mo dúró ti àwọn bíríkìlà. Búlọ́ọ̀kù tí kò bá gbẹ dáadáa, mo máa ń dá a padà ni. Òjò ọdún mẹ́fà ti rọ̀ sí ògiri yẹn, kò là. Tí ẹ bá dé àdúgbò wa, ẹ ó rí i. Ó dára.

Nígbà tí a kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó wo pláànù, ó ní kí n yí fèrèsé kan padà kó má baà kọjú sí ilé ìwẹ̀ aládùúgbò mi. Mo yí i. Ó wá na téèpù láti ara ògiri dé ìdí pèrègún tó jẹ́ ààlà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ó ní mẹ́wàá ni òfin wí.

"Màmá, ẹ ó fa ògiri yìí wọlé."

"Tí mo bá fà á wọlé, ibo ni bẹ́ẹ̀dì máa wà? Ṣé kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa sùn lóòró ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró.

Pèrègún mẹ́ta ni. Ọkọ mi àti ọkọ Ìyá Múfútáù, aládùúgbò wa, ni wọ́n jọ gbìn wọ́n lójú ilé méjèèjì, tọmọdé tàgbà. Bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ààlà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Nígbà tí mò ń kọ́lé yìí, àwọn ọkùnrin méjèèjì ti kú. Ìyá Múfútáù ń gbé lóko, igbó ti bo ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ṣe é. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò bá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí àdúgbò ṣe pa rọ́rọ́, mo gé àwọn pèrègún náà, mo hú ìdí wọn, mo sì gbìn wọ́n sí ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú, nínú ilẹ̀ onílẹ̀. Ìgbà òjò ni. Mo dúró títí wọ́n fi yọ ewé tuntun kí n tó ránṣẹ́ pe obìnrin ọ́fíìsì.

Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ó jọ pé èmi ni mi ò fa téèpù dáadáa níjọ́sí." Mo gbé omi tútù fún un.

Wọ́n pe Ìyá Múfútáù wá láti oko kó wá tẹ̀ka pé ààlà náà tọ́. Ó wò ó fìrí. "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yìí náà! Àbí pèrègún ti ń rìn ni? Ibi tí ọkọ mi fi í sí náà ló wà." Ó tẹ̀ka, ó sì bá mi yọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù tó kọjá, Múfútáù ti Òṣogbo dé. Ó fẹ́ fa yàrá kan yọ fún ìyá rẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò gbé oko mọ́. Ọ́fíìsì wá wọn ilẹ̀. Wọ́n ní àyè ẹ̀gbẹ́ náà kò tó, kó yọ yàrá ìyá rẹ̀ kúrò nínú pláànù. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló fi dín.

Ìyá Múfútáù wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ìyá Àgbà, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n rẹ́ bàbá òun jẹ nídìí pèrègún, bàbá òun sì ń wò bí ọ̀dẹ̀. Ó ní òun ò ní ṣe àdúà fún un mọ́."

Mo ní kó dìde. Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. N kò tíì bá a sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò tọrọ àforíjì nítorí ilé náà. Ọmọ-ọmọ márùn-ún ń sùn nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí òjò ń pa. Ilé kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, mo sì jẹ́ kí òkú gba ẹ̀bi mi.

Mo ti gé pèrègún mẹ́ta tuntun. Wọ́n wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ pe ilé méjèèjì jọ, kí n gbìn wọ́n padà sí ipò wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ògiri mi ni mò ń rò. Tí pèrègún bá padà sí ipò rẹ̀, ọ́fíìsì lè ní kí n wó o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ọ́fíìsì nítorí ògiri, àbí kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin tó kúnlẹ̀ fún mi?

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àwọn pèrègún náà ti ń yọ gbòǹgbò nínú omi.